Ipa Ọwọ́ Màmá

Ọkùnrin náà kò kí ẹnikẹ́ni tó fi wọlé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ obìnrin tó ṣílẹ̀kùn fún un kọjá, ó lọ tààrà síbi dùùrù àtijọ́ tó wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, ó sì fi etí lé e lára bíi nọ́ọ̀sì tó ń gbọ́ àyà aláìsàn.

"Ẹ káàárọ̀ o," obìnrin náà wí. "Nínú èmi àti dùùrù, ta ló ránṣẹ́ pè yín?"

Ojú ti ọkùnrin náà. "Ẹ má bínú, àǹtí. Ìyá mi gan-an ti bá mi jà tì lórí ìwà yìí."

Atúndùùrùṣe ni. Elétí ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó lè dúró lójú títì kó sọ okùn tó dẹ̀ nínú dùùrù tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Télọ̀ ni obìnrin náà ní tirẹ̀, ogójì ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ ti kọjá òun. Ìyá rẹ̀ ló ni dùùrù. Inú pálọ̀ yẹn ni màmá ti tẹ̀ ẹ́ títí tó fi kú, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bàbá, tí iyè rẹ̀ ti ń rá díẹ̀díẹ̀, kì í fẹ́ jìnnà sí i.

Elétí ṣí iwájú dùùrù náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ọ̀nà méjì ló wà," ó wí. "Mo lè yọ gbogbo ohun tó ti gbó, kí n fi tuntun rọ́pò. Yóò dún bíi ti ọjọ́ tí wọ́n rà á, àmọ́ ohùn tí ẹ mọ̀ kọ́ ni ẹ ó máa gbọ́. Tàbí kí n nu ìpẹtà, kí n lé kòkòrò jáde, kí n sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Yóò pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ yóò máa le sí i ni."

"Kí ló wà níbẹ̀ tó yẹ kéèyàn torí ẹ̀ fi í sílẹ̀?"

Kò bá a jiyàn. Ó fi àwọn òòlù igi kéékèèké tó ń lu okùn irin inú dùùrù hàn án. Irun àgùntàn tó kì ni wọ́n fi bo orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. "Ẹ fọwọ́ kàn án."

Ojú ìlà wà lórí wọn, níbi tí okùn ti ń jẹ wọ́n. Òmíràn fẹ́lẹ́, òmíràn sì jìn.

"Bí èèyàn bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ṣe ń jìn," Elétí wí. "Èyí tó jìn jù yìí, ibẹ̀ ni ọwọ́ màmá yín máa ń lọ jù. Ẹ ò lè rí irú ìlà yìí nínú dùùrù ẹlòmíì."

Télọ̀ ti ìka bọ inú ìlà náà, ẹkún sì gbé e. Látọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó mọ ibi tí ìyá náà kù sí.

Ẹbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ní kí wọ́n tú u palẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Dùùrù tí kò bá dùn-ún gbọ́, kí ló fi sàn ju àpótí aṣọ lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gba èyí lọ́wọ́ mi."

Bàbá gbé orí sókè. "Ọmọ ìkẹyìn ni ìyá yín fi í lé lọ́wọ́. Bó bá ṣe fẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é."

Bí wọ́n ṣe fi dùùrù sílẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin wá di iṣẹ́ oṣù márùn-ún. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Elétí ń dé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́, tó ń nu ohun tó ti nù tẹ́lẹ̀. Bó bá nù ún tán, á lọ bá Télọ̀ nídìí máṣíìnì, á máa bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. "Ìpẹtà wo ni ẹni yìí ń nù tí kò tán?" Ẹ̀gbọ́n béèrè. "Àbí ìwọ lo dípẹtà?"

Ọjọ́bọ̀ kan, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Adúmáradán mi, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò tó mi mọ́. Mo fẹ́ kí n máa rí ẹ lójoojúmọ́ ayé mi."

"Ìwọ lo pẹ́," Télọ̀ fèsì, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ti fún ẹ lésì lọ́kàn mi látọjọ́ yìí."

Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó sí oṣù mẹ́ta sígbà náà. Kódà Ẹ̀gbọ́n gbà pé èèyàn gidi ni.

Àsìkò yẹn ni iyè Bàbá túbọ̀ ń rá. Lọ́sàn-án, á jókòó sídìí dùùrù, á máa fi ìka kan wá orin tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn. Ohùn dùùrù náà ti le, ó ń gbó mọ́ ọn. Télọ̀ rìnrìn-àjò lọ́sẹ̀ kan, ó lọ rán aṣọ fún oníbàárà kan ní ìlú mìíràn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá di ọwọ́ Elétí mú, omijé lójú.

"Ọmọ mi, bá mi bẹ̀ ẹ́. Kí ni mo ṣe fún un? Ìyàwó mi kì í pariwo mọ́ mi báyìí."

Ẹ ò rí nǹkan? Kò sí atúndùùrùṣe tí kò mọ oògùn ohùn líle. Sánpépà ni wọ́n fi ń fá orí òòlù títí yóò fi tẹ́jú. Wọn kò yọ okùn, wọn kò fi nǹkan tuntun sí i, ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn débi pé wọn kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọkàn Elétí kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ń sunkún níwájú rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi fá gbogbo wọn. Ó gbá eérún irun wọn jọ, ó sì dà á síta pẹ̀lú ìdọ̀tí.

Láti ẹnu ọ̀nà ni Télọ̀ ti gbọ́ dùùrù nígbà tó dé. Ohùn náà rọ̀, Bàbá sì ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn. Ó kí wọn, ó ju báàgì sílẹ̀, ó ṣí dùùrù bó ti máa ń ṣe, ó ti ìka bọ̀ ọ́. Àwọn òòlù ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

"Ìlà náà dà?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Elétí. "Mo kàn fá a díẹ̀ ni. Bàbá ní..."

"Bàbá kò mọ ọjọ́ òní. Ìwọ lo mọ̀!" Ohùn rẹ̀ já. "Ìwọ lo fi ibi tí ìyá mi kù sí hàn mí. Ìwọ náà lo gbá a dànù."

Elétí kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, kò wí àwáwí kankan. Ẹ̀gbọ́n náà bá a bẹ̀bẹ̀. "Bá a bá ń jà, bíi ti ká kú kọ́. Nítorí irun àgùntàn? Ọkọ rere kò sí lórí igbá o."

Télọ̀ gbìyànjú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló fi gbìyànjú. Ṣùgbọ́n bí Elétí bá ti nawọ́ sí i, ìka rẹ̀ ló ń wò, á sì fà sẹ́yìn. Ó kórìíra ara rẹ̀ nítorí ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá a lẹ́bi kó dá a, kì í ṣe èmi.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, Elétí kò gbé àpótí irinṣẹ́ wá. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Tọkàntọkàn."

"Ṣé o ṣì fẹ́ràn mi?"

"Ó pọ̀ débi pé ó ń dùn mí."

"Kí ló wá kù, ọkàn mi?"

"Ọwọ́ rẹ," Télọ̀ wí. "Mi ò lè wo ọwọ́ rẹ."

Elétí kó ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì yọ wọ́n jáde láti fi nù ún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ̀ kalẹ̀, tó sì gba ojú títì lọ.

Télọ̀ ti ilẹ̀kùn. Nínú pálọ̀, ìka Bàbá ti rí orin náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.

"Ọkọ ẹ ti dé?" Bàbá béèrè. "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Sọ fún un pé ìyá ẹ kò bínú mọ́."

"Màá sọ fún un, Bàbá," Télọ̀ fèsì, ó sì fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó gbọ́ orin náà dé òpin.