Mọ́tò Wòlíì Tí Wọ́n Jí Tó Tún Wà Nílé

Olè jí nǹkan lọ, ó fi irú rẹ̀ dípò: ẹ bá mi wá orúkọ tí à bá pe olè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gbé Ìnsípẹ́kítọ̀ Àjíṣafẹ́ kúrò ní Okitipupa lọ sí Igbotako nìyẹn, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 1971. Bàbá arúgbó kan ló wá sí téṣàn ọlọ́pàá pé wọ́n ti jí mọ́tò ìjọ àwọn. Nígbà tí ọlọ́pàá sì dé ọgbà ìjọ Aládùúrà náà, mọ́tò wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ó ń dán yinrin.

Benedict ni bàbá náà ń jẹ́. Òun ló fi ọgbọ̀n ọdún wa mọ́tò fún Wòlíì Olúsànyà, olùdásílẹ̀ ìjọ, títí wòlíì fi sùn nínú Olúwa. Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbé, mọ́tò Ọ́sítìn dúdú náà ló sì ń tọ́jú. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni wọ́n gbé e fún Lérè, mẹkáníìkì tó jẹ́ ọmọ ìjọ, kó lọ kùn ún lọ́dà ní Àyèká. Láti ọjọ́ Ẹtì tó ti dá a padà ni Benedict ti ń sọ pé mọ́tò tó lọ kọ́ ló dé.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé, opó wòlíì tó ń darí ìjọ, kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní ojú Benedict ti ń ṣú, ọpọlọ rẹ̀ sì fẹ́ tẹ̀lé ojú. Ó ti fi olè pe ọmọ ìjọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Bí kò bá rí ẹ̀rí mú wá kí oòrùn tó wọ̀, kó kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú yàrá náà. Níbo ni arúgbó tí kò láya, tí kò bímọ, fẹ́ forí lé? Àánú rẹ̀ ṣe Àjíṣafẹ́.

Ó bèèrè ìwé mọ́tò, wọ́n ní òjò ti bà á jẹ́. Nọ́ńbà iwájú rẹ̀ kò yí padà. Àgbélébùú kékeré tí wòlíì gbẹ́ sára ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Bó ṣe fẹ́ gbẹ́sẹ̀ wọ inú mọ́tò báyìí ni wọ́n dá a dúró. Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ mọ́tò náà, nítorí inú rẹ̀ ni wòlíì ti máa ń gbàdúrà; ilé Ọlọ́run ni wọ́n kà á sí. Àjíṣafẹ́ tú okùn bàtà rẹ̀, ó bọ́ ọ.

Ó ní kí Benedict fi ohun tó yàtọ̀ han òun. Bàbá náà kò wo nǹkan kan, ọwọ́ ló fi ń ríran. Ó ní ilẹ̀kùn ọ̀tún mọ́tò àwọn máa ń le díẹ̀, nítorí omi wọ irin àgbékọ́ rẹ̀ lọ́dún 1937, nígbà tí wọ́n gbé e bọ̀ láti Èkó lórí ọkọ̀ ojú omi méjì tí wọ́n so pọ̀. Ó ní igi ọ̀mọ̀ ni pákó abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, káfíńtà ará Àjàgbà kan ló gé e, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ọ̀mọ̀. Ó ka nǹkan mọ́kàndínlógún. Àjíṣafẹ́ ní kó tún un kà, ó tún un kà bó ṣe wà, kò fo ọ̀kan. Ẹnu ya ọlọ́pàá débi pé ó gbàgbé láti kọ̀wé. Odindi mọ́tò ló wà lórí arúgbó yìí, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó lè jẹ́rìí sí i.

Ìgbà tí ọwọ́ Benedict kan ilẹ̀, níbi tí awakọ̀ ń tẹ̀, ó kan irin kílọ́ọ̀ṣì, ó kan ti bíréèkì, ó yára fa ọwọ́ padà. Àjíṣafẹ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó: kílọ́ọ̀ṣì, bíréèkì àti tòrótù tí wọ́n ń tẹ̀ kí mọ́tò sáré, gbogbo wọn ló ń dán bí ṣíbí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Bàbá náà rọra ń lọ sí yàrá rẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wọn fi ń rìn nínú ọgbà náà, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ sì hàn ketekete lórí iyanrìn. Ti òsì ní ọmọ ìka márùn-ún. Ti ọ̀tún kò ní ẹyọ kan. Àjíṣafẹ́ tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ náà wọ yàrá.

Benedict jẹ́wọ́ pé àdá ló gé àwọn ọmọ ìka náà nínú oko ọ̀pẹ nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́.

"Bàbá, ẹsẹ̀ tí kò ní ọmọ ìka, báwo lẹ ṣe ń fi tẹ bíréèkì láìwọ bàtà?"

Omijé bọ́ lójú arúgbó. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n lé mi. Ó sàn ju kí wọ́n gbọ́ pé wòlíì rú òfin ara rẹ̀ nítorí tèmi."

Àjíṣafẹ́ kò fi agbára mú un. Ó kàn sọ fún un pé òun yóò ránṣẹ́ pe Lérè ní ìrọ̀lẹ́, pé ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ Bàbá fúnra rẹ̀.

Lérè dé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní òun kò bínú sí Bàbá, pé ọjọ́ ogbó ń bọ̀ fún gbogbo wa. Ìnsípẹ́kítọ̀ bi í, níwájú Ìyá Abọ́sẹ̀dé àtàwọn alàgbà, báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ̀ pé mọ́tò wòlíì nìyí.

"Ẹ wo irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, sà," ni Lérè wí. "Ẹsẹ̀ lásán ló fi ọgbọ̀n ọdún fá wọn báyìí. Níbo ni mo ti fẹ́ rí irú ẹ̀?"

Àwọn alàgbà mi orí pé òótọ́ ni. Benedict dìde, ó ká sùtánà funfun rẹ̀ sókè, gbogbo wọn sì rí ẹsẹ̀ tí wọ́n ti ń rí lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè rẹ̀ rí.

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," ó ní. "Lérè, bàtà ni mo fi ń tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan. Wòlíì ló pàṣẹ pé kí n wọ̀ ọ́, sùtánà ló ń bò ó."

Ìnsípẹ́kítọ̀ wá túmọ̀ rẹ̀: ìṣó ìsàlẹ̀ bàtà á ti ha bíréèkì àti tòrótù wọn yánnayànna, kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ lásán lè mú dán. Ẹni tó fá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe awakọ̀ wòlíì. Ẹni tó rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn ni.

Lérè wólẹ̀. Ó ní lóòótọ́ òun rí ibi tó ti ha lára irin ti wòlíì, ṣùgbọ́n òun rò pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ló wọ bàtà wọ mọ́tò mímọ́. Ẹ̀rù bà á pé ìjọ á dá a lẹ́bi, ló fi fá ti ayédèrú dán. Irú rẹ̀ tó rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà àwọn agégẹdú ló kùn, tó fi nọ́ńbà ti wòlíì sí lára, tó gbẹ́ àgbélébùú sí. Ti wòlíì wà lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ ní Àyèká, olówó kan tó ń kó mọ́tò àtijọ́ jọ l'Ékòó ni yóò wá gbé e.

Wọ́n dé Àyèká kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilẹ̀kùn ọ̀tún le. Pákó ẹ̀yìn jẹ́ ọ̀mọ̀. Gbogbo nǹkan mọ́kàndínlógún náà pé, Àjíṣafẹ́ sì ń kà wọ́n pẹ̀lú ìbẹ̀rù, bí ẹni ń ka Bíbélì. Benedict ti ọwọ́ bọ àárín sípíríǹgì abẹ́ ìjókòó awakọ̀, ó fa bàtà aláwọ kan yọ, ó gbé e fún Ìyá Ìjọ, ó sì tẹríba, ó ń retí kó lé òun.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé ki ọwọ́ bọ orí bàtà náà. Ìrọ̀rí òwú kékeré kan ló fà jáde, tí wọ́n fi kún àyè ọmọ ìka. Ó yí i sí ìmọ́lẹ̀, ó wo ojú rírán rẹ̀.

"Ọdọọdún ni mo ń rán irú èyí fún Wòlíì," ó ní. "Ó ní aláìní kan ló fẹ́ fi kún bàtà. Mi ò bi í rí pé ta ni."

Ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, ìyá ńlá yẹn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ bàtà náà sí ẹsẹ̀ ọ̀tún Benedict.