Bọ́tìnnì Orí Ìbọn

Ní pápá tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, ojú méjèèjì ni olùṣọ́ báńkì kan dì pinpin kó tó yin ọta rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó lajú, ó ń wá ihò lára bébà àmì tirẹ̀, èyí tó yẹ kó yìnbọn sí. Ara bébà ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ihò náà wà.

"Ẹ ṣeun o," ni onítọ̀hún wí. "Ẹ tún bá mi fi kún un."

Olùkọ́ ìbọn, ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́-Kì-í-Gbọ̀n, fọwọ́ bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yìí ga, ó sígbọnlẹ̀, àmọ́ ó ń bẹ̀rù ìbọn bí ọmọdé ṣe ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Bí kò bá sì yege ìdánwò ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

"Omi kànga kọ́ lẹ ń fà," olùkọ́ wí. "Orí ìka tí ẹ fi ń tẹ fóònù nìkan ni kó kan irin tí ẹ ń fà yẹn. Ẹ rọra fà á wá sẹ́yìn tààrà. Bí ìka bá wọlé jù, á ti ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ó yọ ọta inú ìbọn tán, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ló bá já bọ́tìnnì kan lọ́rùn ẹ̀wù ọkùnrin náà, ó gbé e lé orí ìbọn. "Ẹ fà á, kí bọ́tìnnì má jábọ́."

"Ẹ̀wù mi ńkọ́, àǹtí?"

"Ẹ yege ná."

Bọ́tìnnì jábọ́. Ojoojúmọ́ ló ń jábọ́, pàápàá bí olùkọ́ bá ti sún mọ́ ọn láti tọ́ ìka rẹ̀ sọ́nà. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti bọ́tìnnì lójú ọmọbìnrin náà. Ó ti nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí, ẹ̀rù sì ń bà á pé ìkọ́ni òun ni yóò mú iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ̀, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ni pápá náà, jókòó lẹ́yìn fèrèsé ọ́fíìsì, ó ń rí ohun tí ọmọ ò rí lórí ìdúró.

"Inú ọ́fíìsì ni kóo wà lọ́la," ó wí. "Nǹkan kan ò ṣe ìka ọmọkùnrin yẹn. Ìwọ ni wàhálà ẹ̀."

"Èmi kẹ̀, Bàbá?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọbìnrin náà jókòó sí ọ́fíìsì, ó ń ka ìró ìbọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tí ìró pé mẹ́wàá, bàbá gbé bébà àmì wọlé. Ihò mẹ́sàn-án wà láàárín gbùngbùn.

"Ìkẹwàá ńkọ́, Bàbá?"

"Ìgbà tóo yọjú ni."

Olùṣọ́ wọlé tẹ̀lé e, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu. "Mo ti yege, àǹtí. Ẹ fún mi ní bọ́tìnnì mi."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Ó yẹ ìbọn òfìfo wò, ó kọjú rẹ̀ sí pápá, ó gbé bọ́tìnnì lé e. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà, díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé ẹ máa fẹ́ mi?" olùṣọ́ bi í.

Bọ́tìnnì jábọ́, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì.

"Ẹ ò yege," ni olùṣọ́ wí.

"Mo gbà bẹ́ẹ̀," ọmọbìnrin náà dáhùn, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Mo sì gbà láti fẹ́ yín."

Bàbá ti wà lórí eékún lábẹ́ tábìlì. Ó jáde pẹ̀lú bọ́tìnnì, ó fi í lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Lọ wá abẹ́rẹ́ òun òwú," ó wí. "Àna mi ò lè máa ṣí àyà sílẹ̀ kiri."