Ẹ̀jẹ̀ Ìwọ̀n

Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò kì í jẹun, kì í mumi, kì í sì í lọ síbi iṣẹ́. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí a fà á náà ni yóò máa wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ara fi bù mí máṣọ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo rí i pé òjé inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Òjé ni ohun wúwo, rírọ̀, tó wà nínú bátìrì ọkọ̀. Tó bá wọ ara èèyàn, díẹ̀díẹ̀ ló ń pa á, láìpariwo. Iṣẹ́ tiwa ni láti wá a nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ wa yóò fi iná jó ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, yóò sì sọ iye òjé, bàbà àti irin tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe máa mọ̀ bí ẹ̀rọ bá ń purọ́? Láràárọ̀, a máa ń kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ ohun inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìwọ̀n là ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n mi ló fún wa ní tiwa. Ó wá kí mi níbi iṣẹ́ nígbà tó ku díẹ̀ kó rìnrìn àjò, ọ̀gá mi sì rí bí ara rẹ̀ ṣe ń dán.

"Adú, ṣé o lè fún wa ní díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ?"

Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. "Ẹ fà á, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ rọra o, mi ò tíì fẹ́yàwó."

A wọn ohun inú rẹ̀, a pín in sínú àwọn ìgò kéékèèké, a sì kó wọn sínú fìríìsà. Òun lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú òkèèrè, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì àlòkù.

Nígbà tí òjé náà kọ́kọ́ ròkè, ọ̀gá ní ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn. A fọ̀ ọ́, a tún un tò, a tọrọ ẹ̀jẹ̀ ìwọ̀n lọ́wọ́ ilé àyẹ̀wò mìíràn. Tiwọn dúró ṣinṣin. Ti ẹ̀gbọ́n mi ń ròkè sí i, títí kan ìgò tí a ò tíì ṣí rí. Nígbà tó yá, tí mo bá mú ọ̀kan jáde nínú yìnyín, á ti máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó pa ọwọ́ dé.

"Pè é," ni ọ̀gá sọ jẹ́jẹ́. "Ní kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀."

Mo pè é. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ nílé."

Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gé ẹ̀rín náà. "Ta ló sọ fún ẹ pé ara mi ò yá?"

"Ẹ̀jẹ̀ yín ni."

Ó tún húkọ́. "Màá bọ̀. Mo ṣèlérí. Má sọ fún Màmá."

Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjé inú ìgò kò pọ̀ sí i mọ́. Ojú kan ló dúró sí. Inú ọ̀gá dùn. Ó ní bóyá ẹ̀gbọ́n mi ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi wọlé tòun ti báàgì léjìká. Màmá dì mọ́ ọn, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi! Ọwọ́ ẹ mà tutù o. Ṣé inú yìnyín lọkọ̀ yín gbà wá ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín. Kò húkọ́ rárá.

Nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ òjé náà fún Màmá tán, òun fúnra rẹ̀ ló na apá sí mi. "Fà á, kí ọkàn ẹ lè balẹ̀." Ẹ̀jẹ̀ náà pupa bíi ti ẹnikẹ́ni.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gbé e fún ẹ̀rọ. Kò sí òjé. Ó ku díẹ̀ kí n fò sókè, ni mo bá wo ìlà tó tẹ̀ lé e. Kò sí bàbà. Kò sí irin.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí: irin inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé èémí kiri ara. Aláìsàn tó ti di egungun lórí bẹ́ẹ̀dì ṣì ní irin lára. Ẹni tí kò ní rárá kò lè mí.

Ọ̀gá ka ohun tí ẹ̀rọ sọ, ó sì pa ẹ̀rọ náà. "Máa lọ sílé," ló wí. "Lọ jókòó tì í."

Mo bá Màmá níbi tó ti ń rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi sì jókòó sẹ́sẹ̀ Màmá bí ọmọdé. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kí inú Màmá dùn bẹ́ẹ̀.

"Kí ni wọ́n rí? Ṣé òjé náà wà níbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Ó rọra mi orí, bí ẹni ní kí n má sọ.

"Kò sí òjé kankan, Màmá."

"Ẹ ṣeun, Olúwa! Kí ló wá dé tí o fi ń sunkún?"

"Ayọ̀ ni, Màmá."

"Ẹlẹ́kún," ni Màmá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì sún fún mi. Mo jókòó, mo di ọwọ́ tútù ẹ̀gbọ́n mi mú. Ilé pa rọ́rọ́. Mo ń gbọ́ èémí Màmá. Mo ń gbọ́ tèmi.