Ẹrù Tí Kò Rí Òkun

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìròyìn náà dé. Ọjọ́ Ajé ni ẹrù ti lọ. Michelle, òyìnbó tí ilé rẹ̀ fara kan ti Wúrà ní Becontree ní Lọ́ńdọ̀nù, ló wá kanlẹ̀kùn.

"Wúrà, má gbé nǹkan kan fún ọlọ́kọ̀ funfun yẹn o! Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi gbé ẹrù fún un lọ́dún tó kọjá. Títí dòní, kò tíì dé."

Wúrà di ara ilẹ̀kùn mú. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin ló ti gbé fún un, àwọn ńlá oníná. Ọdún méjì ló fi tọ́jú àwọn arúgbó kó tó rà wọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àdúràgbèmí, ti gba ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ dè wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde, onílé sì ti sọ pé tí iṣẹ́ ò bá bẹ̀rẹ̀ kí ọdún tó parí, òun á gbé e fún ẹlòmíràn.

Dúrójayé, ọlọ́kọ̀ funfun tó gbẹ́rù náà, alàgbà ni nínú ìjọ Aládùúrà wọn ní Dagenham. Ẹrù ọmọ ìjọ méjìlá ló kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Ta ló fẹ́ béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ alàgbà?

Lẹ́yìn oṣù kan, ó dúró níwájú ìjọ nínú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán.

"Àwọn ológun orí omi dá ọkọ̀ wa dúró. Wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo ẹrù."

Àwọn obìnrin bú sẹ́kún. Bàbá Morákinyọ̀, tó di gbogbo aṣọ ìyàwó rẹ̀ tó kú ránṣẹ́ sáwọn ọmọ, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Alàgbà pín ìwé: kí kálukú jẹ́rìí pé orí òkun ni wọ́n ti gba ẹrù òun. Ó ti kọ ọ́ tán. Ìfọwọ́sí ló kù.

Wúrà pe ọlọ́pàá. Wọ́n ní kó lọ rí lọ́yà. Ó lọ bá olùṣọ́-àgùntàn. Ìyẹn ní ará kì í gbé ará lọ sí kóòtù, kí wọ́n gbààwẹ̀. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ebi pa á, kò sì sí nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀.

Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó yá ní láíbìrì Barking, nípa àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ tí wọ́n gba ẹrù wọn lórí òkun. Àwọn adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù á pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà: Ọjọ́ wo ni? Ọkọ̀ wo ni? Àmì wo ló wà lára ẹrù rẹ? Wúrà da ìbéèrè wọ̀nyẹn kọ sẹ́yìn ìwé tí kò tíì fọwọ́ sí. Lẹ́yìn ìsìn, ó dá Alàgbà dúró.

"Alàgbà, ọjọ́ wo ni wọ́n dá ọkọ̀ yẹn dúró?"

"Ọjọ́ kejìlá."

"Kí lorúkọ ọkọ̀ náà, sà?"

Orúkọ ti já bọ́ lẹ́nu Alàgbà kó tó fura. "Sístà Wúrà, ṣé o ti di ọlọ́pàá ni?"

"Rárá o, sà. Kí ẹ̀rí mi lè dúró ni."

"Fọwọ́ sí i! Ẹni tó bá ń tọpinpin ẹni-òróró, ohun tó ń wá ló máa rí."

Nínú bọ́ọ̀sì ló ti wá orúkọ ọkọ̀ náà lórí fóònù. Ó ti gúnlẹ̀ sí Èkó lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kan náà, ó ti já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ní àlàáfíà. Ọkọ̀ tó ti gúnlẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá, ta ló tún dá a dúró lójú òkun lọ́jọ́ kejìlá?

Michelle ló rántí pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ lòun ń rí ọkọ̀ funfun náà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan ní Marks Gate. Wọ́n lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti nù wọ́n dán.

"Tèmi nìyẹn," ni Wúrà wí.

Ammar, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ká apá mọ́ àyà. "Mo rà wọ́n. Kí ló fi hàn pé tìẹ ni?"

Kò sí orúkọ lára wọn mọ́. Wọ́n tilẹ̀ ti fi ayùn ha nọ́ńbà kúrò. Wúrà kúnlẹ̀, ó tọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ.

Nínú ìjọ wọn, ẹrù tó bá ń lọ sí ìrìn àjò, wọ́n á ya aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́, wòlíì á fi òróró yàn án, wọ́n á so ó mọ́ ẹrù náà ní kókó mẹ́ta. Ọwọ́ kankan ò gbọdọ̀ tú u àfi níbi tó ń lọ. Dúrójayé ha nọ́ńbà, ó fa orúkọ ya, ṣùgbọ́n kò láyà láti fọwọ́ kan aṣọ. Òróró ló ń bà á lẹ́rù, kì í ṣe ọlọ́pàá.

"Wo abẹ́ àwọn mẹ́ta yòókù," ni Wúrà wí. "Kókó mẹ́ta-mẹ́ta."

Ammar bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ojú rẹ̀ wálẹ̀. "Agogo méjì lẹni tó tà wọ́n fún mi ń bọ̀," ló sọ, ó sì pe ọlọ́pàá fúnra rẹ̀.

Dúrójayé wa ọkọ̀ funfun náà dé. Ó rí Wúrà láti ojú gíláàsì, ló bá fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ náà padà. Ọkọ̀ akódọ̀tí dí i lọ́nà; ó gun ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, ó sá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní oríta òpópónà, bọ́ọ̀sì Romford kọjú sí i. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀. Ibùdókọ̀ ni ọlọ́pàá ti mú un.

"Ibo lẹrù tó kù wà?" ni obìnrin ọlọ́pàá bi í.

"Wọ́n gbà á lórí òkun."

"Ọkọ̀ yẹn ti dé Èkó."

Wúrà sáré dé, ó sún mọ́ ọn. "Alàgbà, kí ló dé tẹ́ ò tú aṣọ yẹn?"

Ó wo ilẹ̀. "Wọ́n ti gbàdúrà sí i."

"Ẹrù Bàbá Morákinyọ̀ ńkọ́? Tàwọn tó kù ńkọ́?"

"Mo ti tà á. Mo ti tà á tán."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Morákinyọ̀ di ọwọ́ Wúrà mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin ọlọ́pàá ti là á yé Wúrà: ohun tí Dúrójayé sọ lójú títì, ó lè sẹ́ ẹ lọ́la. Ẹ̀rọ mẹ́rin yẹn nìkan ni ẹrù tó ṣẹ́ kù tí olóhun rẹ̀ hàn. Tó bá jẹ́rìí, àgọ́ ọlọ́pàá ni àwọn ẹ̀rọ náà máa wà títí ẹjọ́ á fi parí, bóyá ìparí ọdún tó ń bọ̀. Ìyàwó Alàgbà sì ti pè é: kó sọ pé àṣìṣe ni, kó wá kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ó pe Ìjẹ̀bú-Òde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti rí wọn."

"Héè! Olúwa ṣeun!" Àdúràgbèmí ń pàtẹ́wọ́. "Ọjọ́ wo ni wọ́n ń dé? Onílé tún wá lánàá o."

"Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á dé kí ọdún tó parí. Ṣùgbọ́n àwọn mọ́kànlá tó kù á pàdánù, Alàgbà á sì tún padà sídìí olè rẹ̀."

"Wúrà, ṣọ́ọ̀bù mi ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù náà lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Mo máa jẹ́rìí. Maṣíìnì yẹn ò ní dé lọ́dún yìí."