Ọparun Ìloro Létí Òkun

Ọmọbìnrin náà dì mọ́ ọparun bí ẹni tó pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún. Òjò oṣù kẹfà ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí odò kékeré tó wà lẹ́yìn Ìloro. Aṣọ òjò aláwọ̀ ọsàn tó wọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó sì fi eyín di okùn ìwọ̀n mú. Bọ́láwálé dá ọ̀kadà rẹ̀ dúró, kò sì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ọparun náà fẹ́ sá lọ ni, tí ẹ fi dì í mú báyìí?"

Ó yọ okùn lẹ́nu. "Mò ń wọ̀n ọ́n ni. Ẹ̀yin ni Ọ̀gbẹ́ni Bọ́láwálé láti ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìjerò?"

"Èmi ni."

"Ẹ pẹ́ dé. Aago mẹ́sàn-án la dá."

"Òjò ló dá mi dúró."

"Ní ilé wa, bí òjò bá ń dá wa dúró, a ò ní jẹun fún oṣù mẹ́rin." Ó na ìdí okùn sí i. "Ó yá, ẹ bá mi di ibí mú."

Àánú ni orúkọ rẹ̀. Tíṣà jọ́gíráfì ni, ọmọ Ìbùkúnolú, abúlé apẹja kan ní etí òkun Ìlàjẹ. Ọdọọdún ni òkun ń jẹ abúlé náà wọ inú. Ilé ìwé tí Àánú ti kọ́ A, B, D ti wà lábẹ́ omi. Ilé mọ́kànlá ló kù ní ìlà iwájú. Ti Naomi, ìyá rẹ̀, ló sún mọ́ omi jù, ẹ̀gbẹ́ ilé náà sì ni sàréè bàbá rẹ̀ wà.

Lọ́dún yẹn, àwọn tí kì í sábà jókòó pọ̀ jókòó pọ̀: àwọn apẹja, àwọn olórí ìjọ, onímọ̀ ẹ̀rọ kan láti yunifásítì, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n fi Àánú ṣe akọ̀wé. Wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n ri ọparun mọ́ iyanrìn ní ìlà méjì, kí wọ́n kó ẹ̀ka igi sí àárín, kí ó lè máa fọ́ agbára ìgbì títí ìjọba yóò fi kó òkúta dé. Onímọ̀ ẹ̀rọ náà kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ẹgbẹ̀rún méjì ọparun ni wọ́n nílò, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbó kí ọgbà náà tó lè dúró fún ọdún mẹ́ta. Ọparun kì í hù dáadáa ní ilẹ̀ oníyọ̀ tiwọn. Ìdí nìyí tí Àánú fi gòkè wá sí Èkìtì, tí ìjọba ìbílẹ̀ sì ní kí Bọ́láwálé mú un káàkiri.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn ní Ìloro, àlùfáà ní kí àwọn àgbẹ̀ dúró díẹ̀. Àánú fi àwòrán abúlé rẹ̀ hàn wọ́n. Bàbá Pius, tó ní igbó ọparun tó tóbi jù, tó sì ti lọ sí máàsì tirẹ̀ kó tó wá, gbé ọwọ́ sókè.

"Ọmọ mi, àwa ará òkè, kí ló kàn wá nínú òkun?"

"Bàbá, odò tó ń ṣàn lẹ́yìn ilé yín, ibo ló ń lọ?"

"Ó ń lọ sísàlẹ̀."

"Ìsàlẹ̀ yẹn là ń gbé, sà."

Bàbá Pius fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ó mú mi," ó wí. "Ẹ gé ọparun fún un."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bọ́láwálé àti Àánú fi ń ti oko dé oko, láti Ìloro dé Erio, láti Erio dé Aràmọ̀kọ. Nígbà tí wọ́n ń gun òkè kan lẹ́yìn Erio, Àánú jókòó sórí òkúta, ó ń mí gúlegúle.

"Ẹ̀yin ará omi, ṣé ẹsẹ̀ yín kì í ṣe ti rírìn ni?" Bọ́láwálé bi í.

"Ẹ̀yin ará òkè, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

"A ò mọ̀ ọ́n."

"Ọjọ́ tó o bá wá sílé wa, màá rẹ́rìn-ín tèmi."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é ní "o". Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, Bọ́láwálé na ọwọ́ sí i níbi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀. Wọ́n dé ibi tí kò yọ̀ mọ́, ọwọ́ sì wà nínú ọwọ́.

Tíṣà Ẹ̀yínadé, bàbá Bọ́láwálé, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, kò gbà nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ́ ara wọn. "Ọmọ dáadáa ni," ó wí. "Mo gbọ́ àdúrà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo la ó gbé ìdána lọ, sórí omi? Ẹni tí òkun ń lé lónìí, ọ̀dọ̀ rẹ ni gbogbo ìdílé rẹ̀ yóò sá wá lọ́la."

"Bàbá, ọgbà yẹn yóò dá òkun dúró."

"Bó bá dá a dúró, kí o wá sọ fún mi."

Láti ọjọ́ náà ni ọgbà ọparun ti di nǹkan mìíràn lọ́kàn Bọ́láwálé. Ó dàbí pé igi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gé ń gbé e sún mọ́ ìyàwó.

Àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà mọ oríṣi ọparun méjì. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe òrùlé gbọ́dọ̀ pé ọdún mẹ́ta lórí ìdí. Wọn kì í gé e àfi nígbà ọyẹ́, wọn a sì rì í sínú odò fún oṣù kan, kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Èyí tí ìtàkùn iṣu ń fà lé, ọ̀dọ́ ni. Ìgbàkígbà ni wọ́n ń gé e, torí bí wọ́n bá ti wa iṣu tán, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí wọ́n ń kó ìdìpọ̀ jọ, Bàbá Pius pe Bọ́láwálé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹgbẹ̀ta péré ló gbó níbí. Ìyókù, ti uṣu ni. Kì í ṣe ti ulé, ká má tiẹ̀ sọ ti òkun. Sọ fún ọmọ náà kó dúró di ọyẹ́."

"Bàbá, òkun kì í dúró di ọyẹ́. Oṣù kẹsàn-án ló ń kún."

"Kó o ṣáà sọ fún un ni mo wí."

Kò sọ fún un. Ó yẹ kó sọ ọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí Àánú jókòó sí fàráńdà ilé àlùfáà tó ń jẹ àgbàdo sísun, tó sì ń bi í pé, "Kí ló ń dà ọ́ láàmú?" Ó ní kò sí nǹkan kan. Ó ń bẹ̀rù pé bó bá ní kó dúró, Àánú yóò lọ wá ọparun níbòmíràn. Ó sì ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo àléébù náà, bí ẹni pé Ọlọ́run ni alábàáṣe irọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó fọwọ́ sí ìwé pé ẹgbẹ̀rún méjì ọparun ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn gbó.

Lọ́ọ̀rì kó wọn lọ. Àánú sọ̀rọ̀ lórí rédíò fún gbogbo etí òkun, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara. "Ẹ̀yin ará ìlà iwájú, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọgbà yìí yóò dúró fún ọdún mẹ́ta." Bọ́láwálé gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì ní Ìjerò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Òun kò lè gbé orí sókè.

Ní oṣù kẹwàá, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, òkun dìde. Ọgbà náà kò tó wákàtí méjì. Àwọn ọparun ọ̀dọ́ tí kòkòrò ti lu ihò sí kán bí pòròpórò gbígbẹ, wọ́n sì fa àwọn tó gbó lulẹ̀. A dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n ilé méje lọ, ti Naomi sì wà nínú wọn. Sàréè ọkọ rẹ̀ náà lọ.

Àánú fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù Bọ́láwálé. "Má bínú sí mi, olólùfẹ́ mi. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yin ará Ìloro ṣègbé sọ́wọ́ mi. Bóyá a kò ri í jìn tó. Bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá Pius."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ láti Ìjerò.

Inú ilé ìsìn onípákó tó kù ní Ìbùkúnolú ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé. Onímọ̀ ẹ̀rọ ní òkun ọdún yìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Apẹja kan ní, "Akọ̀wé ló ní ká jókòó. Ṣé òkun ni ká mú, àbí òun?" Àánú dúró níwájú wọn, ó tẹ orí ba, kò gbèjà ara rẹ̀. Nígbà náà ni ẹnì kan dìde lẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, òkun nìkan kọ́. Akọ̀wé yín kọ́ rárá. Èmi ni. Ẹgbẹ̀rún kan àti irinwó nínú ọparun tí mo kó wá, ọ̀dọ́ ni wọ́n, irú èyí tí à ń ti iṣu lẹ́yìn. Wọ́n sọ fún mi. Mo mọ̀, mo sì fọwọ́ sí i pé wọ́n gbó."

Omi ń lu ìsàlẹ̀ pákó. Naomi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì pariwo.

"Àwọn aládùúgbò mi hú egungun òkú wọn ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n gbé wọn lọ sẹ́yìn abúlé. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọmọ mi sọ pé ọgbà yóò dúró fún ọdún mẹ́ta. Ká ní o sọ pé ọdún kan péré ni, tàbí pé kò dá ọ lójú, ǹ bá ti gbé ọkọ mi kúrò níbẹ̀. A lágbára láti gbọ́ ọ, ọmọ mi. O ò kàn sọ ọ́ ni."

Bọ́láwálé wo Àánú. Ojú rẹ̀ kò bínú. Ó dàbí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ jáde.

"Ẹ máa lọ sílé, Ọ̀gbẹ́ni Bọ́láwálé," ó wí.

"Ẹ" náà dùn ún ju èébú lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àánú padà sórí rédíò. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò sì dárúkọ ẹnì kankan. "Mo ní ọdún mẹ́ta fún yín. N kò béèrè tó. Láti òní lọ, ohun tí a kò mọ̀, a ó máa sọ fún yín pé a kò mọ̀ ọ́n."

Ọ́fíìsì dá Bọ́láwálé dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó lọ bá Bàbá Pius. Wọ́n ń gé ọparun tó gbó ní Ìloro àti Erio, wọ́n ń rì í sínú odò. Ó so pátákó kékeré mọ́ ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọjọ́ tí wọ́n gé e àti iye ọdún rẹ̀ sí i. Sára àwọn kan, ó kọ ọ́ pé: Kò dá mi lójú. Ìgbìmọ̀ Ìbùkúnolú ló fi wọ́n ránṣẹ́ sí. Kò kọ lẹ́tà sí Àánú, torí kò mọ ohun tí ì bá kọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá rẹ̀ wá sí etí odò. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì wọ inú omi tútù náà.

"Bàbá, ẹsẹ̀ yín ń dùn yín."

"Jẹ́ kó máa dùn mí. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òótọ́ sísọ. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ rí tó sọ èyí tó pa á lára." Ó di ìdí ọparun kan mú. "Bí ọmọ náà bá gbà ọ́ padà, ibi tí ìyá rẹ̀ bá wà ni mo máa gbé ìdána lọ."

Wọ́n ri ọgbà kejì kí òjò tó dé. Àkókò òkun kíkún wá, ó sì kọjá. Ilé mẹ́rin tó kù dúró.

Ní oṣù kejìlá, Bọ́láwálé wà nínú odò nígbà tó rí ẹsẹ̀ kan létí omi.

"Ìdìpọ̀ mọ́kànlélógún lo kọ 'kò dá mi lójú' sí," Àánú wí. "Wọ́n bínú sí ọ ní ìpàdé. Mo ní kí wọ́n ri wọ́n sẹ́yìn, níbi tí ìgbì kò ti le."

"Ṣé wọ́n dúró?"

"Mẹ́rìndínlógún dúró."

Bọ́láwálé kò jáde nínú omi. "Àánú, bàbá rẹ..."

"Mo mọ̀." Ó jókòó sórí òkúta. "Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́, Ọlọ́run gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Dídárí jì ọ́ kọ́ ló ṣòro. Gbígbà ọ́ gbọ́ ni."

"Ṣé o ti wá gbà mí gbọ́?"

"Mo gba pátákó mọ́kànlélógún yẹn gbọ́. Ìwọ ló kù." Ẹ̀rín díẹ̀ yọ lójú rẹ̀, ó sì tún lọ. "Mi ò lè gbàgbé o. Bí o bá fẹ́ mi, ẹni tí kò gbàgbé lo fẹ́ yẹn."

"Òun ni mo fẹ́."

"Jáde nínú omi, kí òtútù má pa ọ́."

Wọ́n ṣe ìdána ní oṣù kejì ní Ìgbókọ̀dá, nínú pálọ̀ àbúrò Naomi, torí Naomi kò ní pálọ̀ mọ́. Tíṣà Ẹ̀yínadé dọ̀bálẹ̀ fún un, àgbà sí àgbà, a kò sì tíì rí irú rẹ̀ rí. Kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó, Naomi ní òun fẹ́ mú àwọn ọmọ méjèèjì lọ síbì kan. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n kọjá ọgbà ọparun, wọ́n sì bọ́ sójú òkun. Nígbà tí Naomi gbé ọwọ́ sókè, awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì.

"Níbí ni," ó wí.

Omi lásán ló wà níbẹ̀.

"Bàbá Àánú, ọkọ ọmọ rẹ rèé. Irọ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí omi gbé ọ lọ. Òun náà ló wá sọ ọ́ fún wa, nígbà tí ì bá ti dákẹ́. Mo fi ọmọ wa fún un. Olúwa tó mọ ibi tó o sùn sí, yóò jí ọ níbẹ̀."

Bọ́láwálé fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ọkọ̀ mì, awakọ̀ sì ní kó rọra. Ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí lé etí ọkọ̀ tó tutù.

"Ẹ foríjì mí, sà," ó wí.

Ìgbì gbé wọn sókè díẹ̀, ó sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àánú kò fà á dìde. Ó kúnlẹ̀ tì í.