Ìbuwọ́lù Ọjọ́ Tí Kò Tíì Dé

Ọjọ́ tí alábẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ìjọba kọ́kọ́ wọ ilé ìtọ́jú eyín náà, fọ́tò dókítà ló rí lára ògiri, níbi tó yẹ kí agolo ìpaná wà. Dókítà ní ẹ̀rín òun ń fi aláìsàn lọ́kàn balẹ̀. Nọ́ọ̀sì, ọmọ ẹ̀gbọ́n dókítà, yíjú sẹ́yìn kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín tiẹ̀.

Alábẹ̀wò rí i. "Nọ́ọ̀sì, tí iná bá ṣẹ́ yọ, kí lẹ máa fi pa á?"

"Itọ́. Òun la ní jù níbí."

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàárín ọdún kan wọ́n ti mọ ilé ara wọn, òrùka ti wọ ọwọ́. Ìyá nọ́ọ̀sì ń sọ káàkiri àdúgbò pé àna òun wà níjọba, bí ẹni pé òun gan-an ni ìjọba.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, alábẹ̀wò tún yọ sí wọn láìròtẹ́lẹ̀. Ó yẹ kó ti sọ ní ọ́fíìsì pé àfẹ́sọ́nà òun wà níbẹ̀, kí wọ́n rán ẹlòmíràn, kò sọ. Ó ṣí ìwé tí nọ́ọ̀sì ń buwọ́ lù lójoojúmọ́, pé ìkòkò tó ń fi ooru pa kòkòrò ara irinṣẹ́ ṣiṣẹ́ dáadáa.

"Olólùfẹ́ mi, òní ọjọ́ wo?"

"Ìṣẹ́gun."

"O ti buwọ́ lu Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì."

"Mo máa ń ṣe ti ọ̀sẹ̀ pọ̀ ni, kí ọwọ́ mi lè dilẹ̀."

Dókítà yọjú. "Àna wa, ẹ ṣí ojú ewé mìíràn. Ẹbí kan náà ni wá."

Alábẹ̀wò kọ ẹ̀bi nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ tara rẹ̀ sí: "Àfẹ́sọ́nà mi ni. Mi ò sọ." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"'Bẹ́ẹ̀ ni' tí o dá mi lóhùn nígbà tí mo ní kí o fẹ́ mi ńkọ́? Ṣé òun náà lo buwọ́ lù kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé?"

Nọ́ọ̀sì la ẹnu, ẹnu ti kú, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gún un lábẹ́rẹ́.

Wọ́n ti ibẹ̀ pa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá nọ́ọ̀sì ní, "Ọkọ wo ló ń kọ ìyàwó sínú ìwé ẹ̀sùn kó tó kọ ọ́ sínú ìwé ìgbéyàwó? Bọ́ òrùka ẹ̀ fún un."

"Mo ti gbọ́, mà."

Kò sunkún. Ó ń jẹun, kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Ó bọ́ òrùka sínú àpò aṣọ iṣẹ́, kò sì mọ̀ bóyá ó dun òun.

Alábẹ̀wò mìíràn ló wá ṣí ibẹ̀. Wọ́n ti gbé ti àkọ́kọ́ sídìí tábìlì ní ọ́fíìsì, kò gbọdọ̀ jáde ṣàbẹ̀wò mọ́. Agolo ìpaná dé ara ògiri. Fọ́tò dókítà lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, alábẹ̀wò àkọ́kọ́ wọlé, ó jókòó sáàárín àwọn aláìsàn, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

"Eyín ni?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Ohun tí ẹ máa kọ sínú fáìlì nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì gbé ìwé ìbuwọ́lù ojoojúmọ́ wá, ó ṣí i síwájú rẹ̀. Ìbuwọ́lù kan ṣoṣo ló wà lórí ìlà òní. Ìlà tó tẹ̀ lé e ṣófo.

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Kò tíì dé."

"Tó bá dé?"

"Wá bi mí."

"Màá wá."

Nọ́ọ̀sì ki ọwọ́ bọ àpò, ó kan òrùka. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń dùn ún, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí agbára abẹ́rẹ́ bá ń tán lẹ́nu.