Ibi Tí Jáàkì Kò Gbọdọ̀ Dé

"Àbí ẹ̀rù ló ń bà ọ́ ni?" Hortense, ọmọ kíláàsì Abigail, béèrè, ó fẹ̀yìn ti ògiri ọgbà. "Àwọn yòókù ti dé etíkun o. Ìwọ lo sọ pé jíìpù lo máa fi gbé wa."

Lóòótọ́, Abigail ti fọ́nnu ní kíláàsì. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Jíìpù oníbàárà ni, páìpù èéfín rẹ̀ ti já, bàbá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ kó tó lọ sí pọ́ọ̀tù pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni Ògúndìran, bàbá rẹ̀, ń tún ṣe ní Zanguéra, jíìpù Explorer ló sì mọ̀ jù. Ìran mẹ́ta rẹ̀ ló wà nínú ọgbà náà. Èyí tó dàgbà jù jókòó lórí ṣáásì irin gbọọrọ bíi ti kámíọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù. Ní ti èkejì, wọ́n ti tún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe kí ìdílé lè jókòó pẹ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ṣáásì kámíọ̀ yẹn ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ara àwọn méjì yìí ni Abigail ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi jáàkì gbé ọkọ̀. Tuntun, ìyẹn jíìpù oníbàárà yìí, ló yàtọ̀: kò ní ṣáásì lọ́tọ̀ mọ́, ara rẹ̀ náà ni egungun rẹ̀.

"Èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀," ni bàbá máa ń wí. "Ibi tí mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí nìkan ni kí ẹ gbé jáàkì sí. Tí ẹ bá gbé e síbòmíràn, irin á wọnú."

Òjò àná ti fọ àmì náà lọ. Abéèrè kì í ṣìnà, fóònù bàbá sì wà fún pípè, àmọ́ Hortense ń wò ó. Ó gbé jáàkì síbi tí ṣáásì àwọn ti àtijọ́ máa ń wà, ó sì gbé ọkọ̀ sókè.

Peter, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ ní Zone franche, àgbègbè àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, dé ni.

"Bọ̀dá, bàbá ní kí ẹ bá àwọn de páìpù yẹn, kí ẹ sì wa ọkọ̀ náà wò díẹ̀," Abigail wí. Irọ́ ni.

Peter bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀. "Ìwọ lo gbé e sókè? Ṣé ibi àmì bàbá ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó gbà á gbọ́, ó sì wọ abẹ́ jíìpù.

Kò pẹ́ tí irin fi ké, díẹ̀ báyìí. Abigail wo orí jáàkì. Irin tó wà lókè rẹ̀ ń tẹ̀ wọnú bí agolo mílíìkì. "Ẹ jáde" ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́, Hortense á mọ̀ pé kò mọ nǹkan kan, Peter á sì mọ̀ pé ó parọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ó ku díẹ̀," Peter wí lábẹ́ ọkọ̀. Ó ń kọ orin ìjọ jẹ́jẹ́.

Irin tún ké. Orin náà dákẹ́.

Àwọn aládùúgbò ló sáré wá fi igi àti ọwọ́ gbé jíìpù náà kúrò lára rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà sọ pé Peter yóò yè, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bàbá dé láti pọ́ọ̀tù, ó dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Ta ló gbé jáàkì síbẹ̀?"

Peter la ojú. "Èmi ni, Bàbá. Oorun ló ń kùn mí."

Hortense ti lọ sílé rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa já irọ́ yìí. Abigail wo báńdéèjì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Kì í ṣe bọ̀dá, Bàbá. Èmi ni. Mo tún parọ́ pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ṣe é. Mo gbọ́ nígbà tí irin ń ké, mo sì dákẹ́."

"O gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ògúndìran kò nà án, kò sì pariwo. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ní báyìí, ọwọ́ òsì ni Peter fi ń kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé, Abigail ló sì ń di ìwé náà mú fún un. Ká ní ó ti sọ ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni, ojú ìbá tì í fún ọ̀sán ọjọ́ kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ti ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́. Ìtìjú máa ń kọjá lọ. Ọwọ́ tó bá lọ kì í padà.